Gàrí Lórí Láìnì Kẹwàá

Inú kọntéínà onírin ni ọ́fíìsì mi wà. Ilé-iṣẹ́ wa ń ra ẹyìn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń fún un, ó sì ń ta epo rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó jáde láti Ore lọ sí Odigbo. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju ilé lọ, wọ́n gbé kọntéínà mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n gé fèrèsé sí wọn lára, wọ́n sì kó wa sínú wọn. Èmi ni mo ń dá tẹlifóònù lóhùn. Ìwé girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹlifóònù yé mi dáadáa, nítorí n kì í lè sùn bí nǹkan kò bá yé mi.

Ẹni tí kò mọ ilé-iṣẹ́ wa lè béèrè pé, ta ló tún ń dúró de tẹlifóònù orí tábìlì láyé òde òní, nígbà tí fóònù wà nínú àpò gbogbo ènìyàn. Ó ní ohun tó fà á. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Òṣùwọ̀n, ẹni tí ó ń wọn ọkọ̀ ẹyìn, gba ìpè lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lórí òṣùwọ̀n ńlá. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń rìn, bí ó ti ń rìn ni ó gun orí òṣùwọ̀n, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí títí ẹnìkejì rẹ̀ fi kọ ìwọ̀n ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ wa ṣe ra Bàbá Òṣùwọ̀n mọ́ ẹyìn nìyẹn. Ènìyàn tó síngbọnlẹ̀ ni. Àgbẹ̀ tí ó gba owó rẹ̀ pẹ́ kí ó tó tún fojú kàn wá.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá wa ti pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa fi fóònù sínú àpótí lọ́wọ́ mégáàdì kí wọ́n tó wọlé. Tèmi kò tilẹ̀ lè ṣe nǹkankan nínú kọntéínà. Irin kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé.

Ìdí tí èyí fi ká mi lára ni ọmọ mi. Obìnrin ni, òun nìkan ni mo bí, ó wà ní bọ́dìn ní Odigbo, ó sì ní ikọ́ fée. Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku sọ, àyà rẹ̀ a máa dún bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Mo ra íńhélà méjì fún un, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ mátírọ̀nì. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó àti nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ wa sára páálí kan, mo sì fi ọ̀rá bò ó kí omi má bà á jẹ́. Mo lọ wo yàrá tí ó ń sùn. Mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí eruku, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé e jìnnà sí fèrèsé nítorí afẹ́fẹ́. Mátírọ̀nì béèrè pé ibo wá ni kí òun gbé e sí. Mo fi ẹsẹ̀ mi fa ilà síbẹ̀ fún un.

Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà mí. Mo ní ohun tí mo ń sá kiri lé lórí gan-an nìyẹn.

Oko kókó wa ní Omifunfun ni ìyàwó mi ń lọ láràárọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í dé àárín oko náà. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣe ọmọ wa lọ́sàn-án, tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ wa nìkan ni wọ́n lè fi rí òbí rẹ̀. Bí láìnì bá kún, kò sí òbí.

Láìnì sì máa ń kún. Láyé àtijọ́, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ń pe òṣùwọ̀n léraléra, tí okùn akáùntì sì dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀kan ran èkejì lọ́wọ́. Ọ̀gá wa ló wá pe àwọn ẹlẹ́rọ kan láti Ìbàdàn pé kí wọ́n fa okùn tuntun fún wa. Okùn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n láìnì mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́wàá ni ilé-iṣẹ́ wa sọ pé ó tó. Ẹlẹ́rọ náà gbé pátákó kan sórí tábìlì mi, iná kéékèèké mẹ́wàá tò lórí rẹ̀. Láìnì tí ẹnikẹ́ni bá ń lò, iná rẹ̀ á tàn.

“Ẹ máa wò ó báyìí,” ni ẹlẹ́rọ náà wí. “Ẹni tó bá fẹ́ pè, ẹ̀rọ á fún un ní èyí tó bá ṣófo. Bó bá ti gbé e sílẹ̀, ó ti bọ́ sí àárín nìyẹn, ẹlòmíì á gbà á. Ẹ sì lè fi kọ̀ǹpútà pín in. Ọjọ́ tí ẹyìn bá ya wọlé, ẹ fún òṣùwọ̀n ní púpọ̀. Bí oṣù bá ń parí, ẹ gbé e fún akáùntì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un pín. Kò le bí ìdúró.”

Ó yé mi. Mo rò pé ó yé gbogbo wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá wa kó wa jọ sí iwájú kọntéínà. Ọmọ Èkó ni, ó kéré sí ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní, “Láti òní lọ, kò sí láìnì tó jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.”

Kò mọ ohun tí ó sọ. Àwọn ènìyàn tó dúró níwájú rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, tàbí ọmọ àwọn tó wá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ní àgbègbè wa, ẹni tó bá sọ pé nǹkan kò ní olúwa, ẹjọ́ ló dá sílẹ̀.

Bàbá Òṣùwọ̀n nawọ́ sókè. “Ọ̀gá, ẹ ṣé o. Bí kò bá jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?”

“Ibo, Bàbá?”

“Orí láìnì.”

“Kò sẹ́ni tó débẹ̀. Tuntun ni.”

“Gbogbo igbó ló ti jẹ́ tuntun rí,” ni Bàbá Òṣùwọ̀n wí. “Ẹni tó kọ́kọ́ fi àdá kàn án la máa ń béèrè.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó wo aago rẹ̀, ó sì lọ. Bàbá Òṣùwọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀lé mi wọ kọntéínà, ó gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi, ó pe ilé ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbàgbé láti fún ewúrẹ́ lómi. Ó fi í sílẹ̀, ó tún un gbé, ó pè lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní, “Bàbá, ṣé ewúrẹ́ náà kò tíì mu ún ni?” Ó ní ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kọ́ nìyí, àdá ni òun ń fi kàn án.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, mo bá agolo mílíìkì kan lórí pátákó mi, láàárín iná kẹta àti ìkẹrin. Iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka pèrègún kan sì dúró ṣánṣán sí àárín iyẹ̀pẹ̀ náà. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tí pèrègún ń ṣe láàárín oko méjì.

“Bàbá,” mo ní, “omi ò gbọdọ̀ kan nǹkan yìí. Iná wà nínú rẹ̀.”

“Má bomi rin ín. Pèrègún kì í kú.”

Ẹ̀rù bà mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gbé ọ̀rá sábẹ́ agolo náà, mo gbé àwo sórí ọ̀rá, mo sì wá gbé agolo lé orí àwo. Bàbá Òṣùwọ̀n wo bí mo ṣe ń gbé e sókè sódò, ó ní kí n ṣọ́ra, ẹni tó bá sún ààlà ń wá ìjà.

Ìyá Akáùntì, obìnrin tí ó ń ṣírò owó wa, ni ó kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kọntéínà rẹ̀ kan tèmi. Ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó wo pèrègún náà. “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, iná tí kò tó ojú ẹja ni ẹ ń pín bí oko bàbá yín. Bàbá Òṣùwọ̀n, ṣebí wọ́n ti rà yín rí, ẹni tí a rà tún lè nílẹ̀ ni?”

“Ẹni tó rà mí náà ni mo ń bá ṣiṣẹ́ òṣùwọ̀n,” ni Bàbá Òṣùwọ̀n dáhùn. “Ìwọ ṣá máa rẹ́rìn-ín.”

Nígbà tí oṣù ń parí, Ìyá Akáùntì gbé tẹlifóònù láti pe báńkì, gbogbo láìnì sì kún. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ní obìnrin tí òun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní okùn tẹlifóònù kí Bàbá Òṣùwọ̀n tó dé ilé-iṣẹ́ yìí rárá, òun sì ni àrólé rẹ̀. Ọ̀gá, tí ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ní, “Ẹ fún wọn ní tiwọn.” Mo fún un ní ìkẹrin sí ìkẹfà, mo sì ṣètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pé ìpè tó bá gba ibẹ̀ wọlé, kí ó máa dún lórí tábìlì rẹ̀. Kí n tó jókòó, agolo kejì ti dé orí pátákó.

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ nìkan ni kò bá wọn jà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ wá láti ìlú òkèèrè, ó dáko kókó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Araromi-Obu títí ó fi kú, nítorí náà òun mọ òfin ilẹ̀ àyálò ju àwọn onílẹ̀ lọ. Bí ó bá fẹ́ pe àwọn tó ń ta irin ẹ̀rọ, yóò bọ́ fìlà, yóò lọ dúró níwájú Bàbá Òṣùwọ̀n, yóò ní, “Bàbá, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ láìnì yín.” Bàbá Òṣùwọ̀n á fún un ní ìkẹta, á sì kì í nílọ̀ pé kí ó má sọ̀rọ̀ tó máa ta gbòǹgbò níbẹ̀. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ gbé iṣu wá síbi iṣẹ́ láti san ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá Òṣùwọ̀n gbà á, ó gbàdúrà fún un. Mo wà níbẹ̀. Iṣu gidi ni.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ohun tí a ra ẹ̀rọ yìí fún ni kí ó máa yí, pé láìnì kì í ṣe ilẹ̀, pé bí ẹnìkan bá lò ó tán kò sí ibi tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Akáùntì ní, “Bàbá Ọlọ́fóònù, ṣé ẹ̀yin kò ní í mú tiyín ni?”

Òtítọ́ ni. Mo ti ń rò ó.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo ṣàlàyé ikọ́ fée fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dé ìdajì tí ó fi ní, “Mú ọ̀kan, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan.” Mo mú ìkẹwàá. Mo fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti tẹlifóònù tirẹ̀ lórí tábìlì mi, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nínú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má lè fi pe ìta, mo sì fún mátírọ̀nì nìkan ní nọ́ńbà náà. Mo pa nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí ó ní tẹ́lẹ̀ rẹ́ kúrò lára páálí, kí ó má ba à ṣi èkejì pè. Láti ìgbà náà, bí gbogbo iná bá tàn, tí ti ìkẹwàá dúdú, ara mi á balẹ̀. Òkùnkùn kékeré yẹn ni ó ń sọ fún mi pé ọmọ mi ń mí.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn náà kò pẹ́ tí ó fi wọ ojú àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, tí ọkọ̀ tò dé títì, Bàbá Òṣùwọ̀n dúró sí iwájú tábìlì mi, ó na ìka sí iná kẹwàá.

“Ta ló ni igbó yìí?”

“Tèmi ni, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé nítorí ọmọ mi ni.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n o kò ro ó. Láti ìgbà tí o ti gbà á, o kò fi ọkọ́ kàn án.”

“Mo fẹ́ kí ó ṣófo ni. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.”

Ó yí sí Ọ̀gá Sítọ́ọ̀, tí ó bọ́ fìlà dání, tó ń dúró de láìnì. “Ní tiyín lọ́hùn-ún, ilẹ̀ tí ẹnìkan gbà tí kò dáko sí, kí ni wọ́n ń ṣe é?”

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ yí fìlà náà lọ́wọ́. Ó wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá Ọlọ́fóònù. Wọ́n ń gbà á fún ẹni tó máa dá a.”

“Ṣé o gbọ́?” ni Bàbá Òṣùwọ̀n wí fún mi. “N kò wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ rẹ, ọmọ gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n gbin nǹkan síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn rí i. Ohunkóhun. Bó jẹ́ ilá.”

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dọ́jọ́ kejì. Bí mo bá lo láìnì kẹwàá, kò ní í ṣófo fún ọmọ mi. Bí n kò bá lò ó, wọn yóò gbà á, kò sì ní í ṣófo fún ọmọ mi. Mo wá a síwá, mo wá a sẹ́yìn, mo wá rí i pé kí n gbin díẹ̀, ní àkókò tí mo mọ̀, kí ìyókù ọjọ́ ṣófo. Mo yan ìdajì wákàtí tí ó tẹ̀lé aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ bọ́dìn jókòó sínú kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kì í gbálẹ̀.

Irúgbìn ni ó kù. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Agbabu, ibi tí ọ̀dà pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, tí kò sì sí ọ̀dà lójú ọ̀nà. Ó ń din gàrí. Ó máa ń ra káàdì ìpè tí ìṣẹ́jú rẹ̀ kì í tán, kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo fún un ní nọ́ńbà láìnì kẹwàá.

“Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ láràárọ̀?” ni ó bi mí.

“Ẹ má sọ nǹkankan, Àǹtí. Ẹ ṣáà pè, kí ẹ gbé fóònù kalẹ̀. Iná rẹ̀ ni mo fẹ́.”

“Kí n gbé e kalẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wọ́n sì ń sanwó oṣù fún ẹ.”

Ṣùgbọ́n ó pè. Láràárọ̀, bí aago mẹ́sàn-án bá lù, iná kẹwàá á tàn, màá gbé tẹlifóònù rẹ̀, màá sì gbé e dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ìró gàrí á sì máa jáde láti inú rẹ̀, ṣáá, ṣáá, ṣáá, bí igbá ṣe ń rà á nínú agbada. Nígbà mìíràn ẹ̀gbọ́n mi á wú ikọ́ nítorí èéfín, ọkàn mi á sì fò. Bàbá Òṣùwọ̀n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dẹtí sílẹ̀ dáadáa.

“Ẹ̀gẹ́ ni,” ni ó wí. “Ó dára. Ẹ̀gẹ́ kì í ba ilẹ̀ jẹ́ púpọ̀.” Ó bá mi gbé agolo pèrègún kẹta wá fúnra rẹ̀.

Mo gba ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ mátírọ̀nì lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣàlàyé fún un pé láti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, láìnì náà kì í ṣófo, kí wọ́n jọ̀wọ́ má pè.

Mátírọ̀nì gbé ojú sókè wò mí. “Bàbá, ṣé ikọ́ fée ń wo aago ni?”

Mo ní kò sí ẹni tó ń gbálẹ̀ ní àkókò yẹn.

“Mo gbọ́,” ni ó wí. “Màá bá àyà ọmọ náà sọ ọ́.”

Ọmọ mi jókòó nítòsí, ó ń jẹ búrẹ́dì tí mo gbé wá. Ó ti ga sí i. “Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí n máa pe nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yín? Mo mọ̀ ọ́n lórí.”

“Gbogbo ayé ló ń pe ìyẹn,” mo ní. “Àwọn àgbẹ̀, báńkì, awakọ̀. Ìwọ ní tìrẹ.”

Ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ dé ní ọdún náà pẹ̀lú agbára. Eruku títì Ore bo gbogbo nǹkan, àwọn pèrègún orí tábìlì mi di funfun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyìn ń wọlé, oṣù ń parí, iná mẹ́wàá sì ń tàn gbòò. Gàrí ń dún lórí tábìlì. Mo ń kọ orúkọ ọkọ̀ kan sílẹ̀ ni Ìyá Akáùntì dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Kì í kúrò nídìí owó oṣù. Kò wọlé. Ó rọra sọ̀rọ̀.

“Bàbá Ọlọ́fóònù. Mátírọ̀nì ọmọ yín wà lórí ilẹ̀ mi.”

N kò mọ bí mo ṣe dé kọntéínà rẹ̀. Mo gbé tẹlifóònù sétí. Mátírọ̀nì ní àwọn kan gbọn ẹní níta nínú eruku, àyà ọmọ náà sì dì. Íńhélà ọwọ́ rẹ̀ ti tán, wọ́n ti lo ti ọwọ́ òun, ìyẹn náà sì ti ń tán lọ. “A ti ń pe nọ́ńbà yín láti ìgbà tí aago mẹ́sàn-án ti lù,” ni ó wí. “Ó ń sọ pé ẹnìkan wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà ló kọ èyí fún mi sórí bébà. Kò lè sọ̀rọ̀, ó kọ ọ́.”

“Ṣé ó ń mí?”

“Ó ń mí. Ẹ mú òmíràn wá, ẹ má pẹ́.”

Láti kọntéínà mi, mo ṣì ń gbọ́ gàrí.

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ló gbé mi lórí ọ̀kadà rẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a fẹ́ jáde, ọkọ̀ ẹyìn dí ẹnu géètì, Bàbá Òṣùwọ̀n sì ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, èyí tó wà lórí òṣùwọ̀n sọ̀ kalẹ̀ láì tíì wọ̀n ọ́n. A ra íńhélà ní kẹ́místì kan ní oríta Ore. Mo ra méjì, mo wò ó bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, mo sì ní kí ẹni tó tà á wò ó pẹ̀lú mi. Lójú ọ̀nà, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ní, “Bàbá, ẹ má dì mọ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀, èmi náà ń mí.”

Nígbà tí a dé, ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ó fa íńhélà tuntun náà bí mo ti kọ ọ́ sára páálí: ó mí síta, ó fà á, ó pa ẹnu dé. Mo jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn inú àyà rẹ̀ dẹ́kun dídún.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, “Ẹ bá mi kọ nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń pè yẹn sára páálí.”

“Ìwọ ní tìrẹ,” mo tún wí.

“Tèmi, ọ̀kan ni. Tiwọn, mẹ́wàá ni.” Ó sinmi díẹ̀. “Bó bá jẹ́ tiwọn ni mo ní látàárọ̀, ẹ̀ bá ti dé tipẹ́.”

Mátírọ̀nì fún mi ní bírò. Mo kọ ọ́.

Bí mo ti padà dé, kí n tó jókòó, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì dá láìnì kẹwàá padà sí àárín. Mo pa nọ́ńbà tirẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà, láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo dá ti òṣùwọ̀n padà, mo dá ti akáùntì padà, mo ṣètò pé kí ìpè kọ̀ọ̀kan gba èyí tó bá ṣófo, kí ó sì máa dún lọ́dọ̀ mi. Bàbá Òṣùwọ̀n àti Ìyá Akáùntì dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wò mí. Mo ń retí ìjà.

“Ọmọ náà ńkọ́?” ni Ìyá Akáùntì wí.

“Ó ń mí.”

“Ilẹ̀ mi ló gbà wọlé,” ni ó wí fún Bàbá Òṣùwọ̀n, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní.

Bàbá Òṣùwọ̀n wo pátákó náà. “Ó ti di ilẹ̀ ìlú nìyẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa hú pèrègún.”

Kò sẹ́ni tó hú wọn. Èèwọ̀ ni, ẹni tó hú ààlà kì í rí àlàáfíà. Wọ́n ṣì wà lórí pátákó mi, wọ́n ti ta gbòǹgbò nínú agolo, ewé wọn ti bo iná méjì, ìpè sì ń gba abẹ́ wọn kọjá bó ṣe wù ú. Mo ṣì ń gbé wọn lé orí àwo.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò ṣeé dá dúró. Mo sọ fún un pé kí ó má pè mọ́. Ó ní ó ti mọ́ òun lára, bí òun kò bá pè mí, gàrí náà kì í yan dáadáa. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ ni ó wá ń pè, gàrí rẹ̀ sì ń gba ibi tí ẹ̀rọ bá fi í sí. Mo máa ń jẹ́ kí ó dún fún ìṣẹ́jú kan kí n tó kí i pé ó dàbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bọ́ sórí ìkẹta. Bàbá Òṣùwọ̀n rí i. Ó ní kò burú, ilẹ̀ ìlú ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáko ẹ̀gẹ́ láràárọ̀ yẹ kí ó rántí àwọn tó kọ́kọ́ ṣán igbó náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rá gàrí kan ránṣẹ́. Bàbá Òṣùwọ̀n gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ńlá rẹ̀, kí ó lè mọ ìwọ̀n ohun tí òun gbà. Òṣùwọ̀n tó ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù kò rí i rárá. Ó kọ òdo. Bàbá Òṣùwọ̀n gbé ẹsẹ̀ kan lé e láti ràn án lọ́wọ́, Ìyá Akáùntì sì yọjú láti fèrèsé rẹ̀, ó ní a kò tún ní í rà wọ́n o.

Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ni tẹlifóònù dún lẹ́yìn mi. Mo ti gbé e sétí, ọmọ mi ti kí mi, ó ti béèrè bóyá mo ti jẹun, kí n tó rántí pé n kò wo iná tí ó gbà wọlé.